Òdòdó Abẹ́ Fèrèsé Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àjò o. Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ara ọkọ mi ti yá, òrùlé wa ò sì jò mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ń kọ mí lóminú. Àwọn igi òdòdó tí Bàbá gbìn sábẹ́ fèrèsé Màmá ṣàdédé gbẹ bí igi ìdáná. Aládùúgbò wa tó máa ń ráhùn nítorí ewé ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n àwọn òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Mo walẹ̀ ìdí èyí tó kú, mo bá nǹkan funfun níbẹ̀. Mo fi ahọ́n kàn án: iyọ̀!

Màmá ní bóyá èèrà ló kó o wá. Èèrà wo ló ń kó iyọ̀? Mo bá lọ lúgọ sẹ́yìn ilé. Kò pẹ́ ni ọwọ́ Màmá yọ lójú fèrèsé, tí wọ́n da omi iyọ̀ gbígbóná sílẹ̀. Mo sáré wọlé bá wọn: egbò ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi í wẹ̀ níkọ̀kọ̀, ẹsẹ̀ náà sì ti wú! Wọn ò fẹ́ dé ọsibítù, wọ́n sì ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín.

Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tiyín. Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú rinjú láyọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Ẹ má dárúkọ ẹsẹ̀ o. Ẹ kàn ní kí wọ́n ya fọ́tò òdòdó Bàbá ránṣẹ́.

Èmi àbúrò yín.