Ọkọ̀ Tí Bàbá Ní Yóò Fà Á: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Alàgbà Matthew Oyèbọ̀dé (1947–2025)

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1947, nígbà tí ìkùukùu ṣì bo orí àwọn òkè Ọ̀kà, ni a bí Bàbá wa ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Bàbá tó bí wọn ni Pa Fámúrewá Oyèbọ̀dé, àgbẹ̀ oníkòkó. Ìyá wọn ni Màmá Àwẹ̀ró, tí ń sun iṣu tà ní ẹsẹ̀ òkè, níbi tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù ti máa ń dúró bu omi sí rédíétọ̀. Láti ẹ̀yìn Màmá Àwẹ̀ró tó pọ̀n wọ́n ni Bàbá ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ọkọ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ọkọ̀ tí ń gun òkè nínú ìkùukùu ló ń rẹ àwọn lẹ́kún. A kì í bá wọn jiyàn, nítorí pé títí wọ́n fi darúgbó, láti orí ibùsùn ni wọ́n ti ń dárúkọ ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì, tí wọ́n á sì sọ ohun tó ń ṣe é.

Ní 1954, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwàrò. Ìwé ìṣirò wọn ṣì wà lọ́wọ́ wa. Àwòrán táyà ló kún ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ní 1968. Láti 1970 títí di 2005 ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ tíṣà ní Ìkàrẹ́.

Ní 1974, wọ́n fẹ́ ìyá wa, Naomi, ọmọ Ọ̀bà-Àkókó. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà, ọkọ̀ tí wọ́n yá kọ̀, kò dáhùn. Bàbá bọ́ sílẹ̀ nínú kóòtù funfun, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fọ́tò ojú-ìwé kẹta, kì í ṣe fọ́tò ló bàjẹ́, epo ọkọ̀ ni ẹ ń rí lápá kóòtù yẹn. Ìyá wa kò tíì dárí rẹ̀ jì wọ́n tán.

Láti nǹkan bí ọdún 1985, kò sí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Ìkàrẹ́ dé Arigidi tí kì í kọ́kọ́ wá mú Tíṣà lọ wò ó. Wọ́n á jókòó sínú ọkọ̀ náà, wọ́n á dijú, wọ́n á máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ilé. Wọ́n ní ọkọ̀ tí a bá fọ̀ jù, ó ní ohun tó ń fi pamọ́. Wọ́n ní a lè dá aago kìlómítà padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n rọ́bà orí bíréèkì tí ẹsẹ̀ ti jẹ kò mọ irọ́ pa. Wọ́n lè jiyàn lórí Píjò àti Tòyótà láti ìgbà tí ìsìn bá ti parí títí oúnjẹ ọ̀sán yóò fi tutù. Ìgò mínírà kan ni ẹ̀bùn tí wọ́n ń gbà. Ìjọ fi wọ́n ṣe alàgbà ní 1988, ṣùgbọ́n orúkọ tó dùn mọ́ wọn jù ni "Tíṣà tí kì í ṣì í."

Ibí yìí ló yẹ kí a ti máa ka iṣẹ́ rere wọn. Àmọ́ Bàbá ní a kò gbọdọ̀ kọ ìtàn àwọn láìkọ èyí tó tẹ̀ lé e.

Ní oṣù kẹwàá 1994, bọ́ọ̀sì ìjọ wa bàjẹ́ sí Ìwàrò-Ọ̀kà. Ìjọ bẹ Bàbá Fágbàmílà, awakọ̀ ará Arigidi, pé kí wọ́n fi píkọ́ọ̀pù wọn fà á wá sí Ìkàrẹ́. Bàbá Fágbàmílà wo bọ́ọ̀sì náà yí ká, wọ́n ní, "Tíṣà, ọkọ̀ mi fúyẹ́ jù. Á fà á o, àmọ́ tá a bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò ní lè dá a dúró." Bàbá wa fetí sí ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Á fà á." Nítorí pé Tíṣà ló sọ ọ́, Bàbá Fágbàmílà so okùn. Bọ́ọ̀sì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, bíréèkì rẹ̀ a máa le koko; ẹni tó wà nídìí rẹ̀ kò lè tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti píkọ́ọ̀pù láti ẹ̀yìn, títí ọkọ̀ méjèèjì fi wọ inú oko kókò lọ. Kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì Bàbá Fágbàmílà ṣẹ́ síbi méjì.

Nínú ìpàdé ìjọ, àwọn kan ní Bàbá Fágbàmílà ló sáré jù. Àwọn mìíràn ní ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni, wọn kò gbàdúrà kí wọ́n tó gbéra. Bàbá wa jókòó síbẹ̀. Wọ́n mọ òtítọ́, wọ́n sì dákẹ́, kí orúkọ Tíṣà tí kì í ṣì í yẹn má bàa bọ́ lára wọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún gbé ọkọ̀ tàbí ẹrù lé Bàbá Fágbàmílà lọ́wọ́. Oko ni wọ́n padà sí. Ó dùn wá láti kọ èyí.

Lẹ́yìn ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè agbára ọkọ̀, Bàbá wa á ní, "Má bi mí ní ohun tó lè fà. Bi mí ní ohun tó lè dá dúró." A ń yìn wọ́n fún ọgbọ́n yẹn, a kò mọ ibi tó ti wá. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, wọ́n máa ń lọ sí Arigidi, wọ́n á jókòó sí oko Bàbá Fágbàmílà títí oòrùn yóò fi rọ̀. A rò pé ọ̀rẹ́ lásán ni.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀. Láàárín oorun àti ìtají, wọ́n ń gbọ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè, bẹ́ẹ̀ títì dá páropáro. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n pe àkọ́bí wọn, Hephzibah, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ sínú ìwé òkú mi. Ẹni tó bá wá jẹun níbi òkú mi, kó kà á." Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin, ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.

Kí a tó tẹ ìwé yìí, a gbé e lọ sí Arigidi. Bàbá Fágbàmílà ní kí Hephzibah kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá ní, "Mo mọ̀ pé Tíṣà mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi retí kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n á wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á ní iṣu mi dára." Wọ́n sunkún, àwa náà sunkún. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi etí aṣọ nu ojú, wọ́n béèrè ẹni tó máa wa ọkọ̀ òkú.

Bàbá fi ìyàwó wọn sílẹ̀, Màmá Naomi Oyèbọ̀dé; àwọn ọmọ, Hephzibah, Ìbíyínká àti Ayọ̀midọ̀tun; àti ọmọ-ọmọ méje, tí Òkìkíọlá jẹ́ àgbà wọn.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ọkọ̀ òkú bá ń gun òkè lọ sí Ìwàrò lónìí, Bàbá Fágbàmílà ló wà nídìí rẹ̀. Ọkọ̀ ọtomátíìkì ni a wá, tí ẹsẹ̀ òsì kò níṣẹ́ nínú rẹ̀. Wọn yóò rọra wà á. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má tẹ họ́ọ̀nù lẹ́yìn wọn.

Ẹ sùn re, Bàbá. Ẹni tó mọ ọ̀nà ló ń gbé yín lọ.