Fọ́tò Ọgbà Wa Nínú Òjò

Ọkọ mi àtàtà,

Mo kí yín, mo tún yín kí. Ṣé ara yín le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé oòrùn ibẹ̀ kò tíì sọ yín di ẹran sísun? Àlàáfíà la wà níbí, èmi àti ọmọ yín. Ó ti ga dé èjìká mi báyìí, ẹnu rẹ̀ sì ti ga jù mí lọ. Ẹ mọ ẹni tó fi ìyẹn jọ.

Fọ́tò tí ẹ ní kí n yà ló wà nínú àpò ìwé yìí. Nígbà tí ẹ sọ lórí fóònù pé láti ìgbà tí ẹ ti dé ibi iṣẹ́ yẹn, iyanrìn nìkan lẹ ń rí, pé kí n bá yín ya ọgbà ìgbafẹ́ wa lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, ẹ̀rín pa mí. Mo ní oòrùn ti kọlu orí ọkọ mi. Ìgbà yẹn náà lẹ sọ pé wọ́n fẹ́ fi yín ṣe ọ̀gá àwọn wẹ́dà, tí ẹ bi mí pé ṣé kí ẹ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn iṣẹ́ ọdún méjì sí i. Mo ní ohun tó bá wù yín ni. Láti ìgbà náà ni oorun ò ti kún ojú mi mọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni òjò dé. Ojú ọ̀run ṣú dùdù láti àárọ̀, oníbàárà kankan ò yọjú. Mo fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo mú agboòrùn. Obìnrin tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pariwo pé, "Ìyá Télọ̀, níbo lẹ forí lé nínú òjò yìí?" Mo ní mo ń lọ bá ọkọ mi. Ó wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe.

Fọ́tò àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà ọgbà ni. Kò dára, ẹ má bínú, omi kán sójú fóònù. Èkejì ni jangilọ́fà tí ẹ bá wọn jó irin rẹ̀ lọ́jọ́sí. Ibi tí ẹ jó kò tíì mira, àmọ́ ibi tí ẹlòmíì jó ti já. Mo ní kí n fi ìyẹn wú yín lórí. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà tó lọ sídìí adágún. Omi ti bo gbogbo rẹ̀, ewé ń léfòó lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí àárò yín sọ mí débi pé mi ò lè gbẹ́sẹ̀.

Mo wá lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì wa. Bàbá Fèrè, ẹ rántí rẹ̀, bàbá tó ń ṣọ́ ọgbà, tó máa ń fọn fèrè lé wa jáde nírọ̀lẹ́, ló rí mi. Ó ní, "Ìyàwó, gbé fóònù yẹn wá kí n yà ẹ́. Ta ní í ya ọgbà láìsí èèyàn nínú rẹ̀?" Ó yà mí lẹ́ẹ̀kan péré, ó sáré padà sábẹ́ òrùlé rẹ̀.

Èmi ò rí nǹkan kan nínú fọ́tò yẹn ju ojú mi tó ti ń gbó lọ. Ọmọ yín ló wò ó nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ jáde, tó bi mí pé, "Mọ́mì, ta lẹ ń fi agboòrùn bò?" Mo gbà á, mo tún un wò. Etí bẹ́ńṣì ni mo jókòó sí. Mo ti gbé agboòrùn sápá ọ̀tún, níbi tí ẹ máa ń jókòó sí, tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òjò ti pa èjìká mi òsì, apá aṣọ mi rin gbingbin. Èmi tí mo wà níbẹ̀, mi ò mọ̀ pé mo ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ipò ọ̀gá kì í ṣe nǹkan kékeré, ó sì tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí ìwé náà. Mo fẹ́ kí ẹ máa bọ̀ nílé. Mo ti sọ ọ́ báyìí.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Iná tí ẹ fi ń jó irin kò ní jó yín lára. Ẹsẹ̀ tó gbé yín lọ náà ni yóò gbé yín bọ̀, ẹ ó sì bá wa láyọ̀.

Èmi ni ìyàwó yín tó ń retí yín,
Ìyá Télọ̀.

Àfikún: Tó bá jẹ́ pé ẹ ti fọwọ́ sí i kí lẹ́tà yìí tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi lórí fóònù. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, kí n lè ti ilẹ̀kùn kí n tó kà á.