Sàláàdì Adìẹ Tó Jọ Ti Ìyá Rẹ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn pè mí ní Aránṣọ.

Ọmọbìnrin kan ni mo bá nílé ọkọ mi, ìyá rẹ̀ ti kú. Bí mo bá ti ṣe sàláàdì adìẹ, á ní, "Ti màmá mi kọ́ nìyí." Ọkọ mi wá rántí pé olóògbé kì í fi ọ̀bẹ gé adìẹ, ọwọ́ ló fi ń ya á nígbà tó ṣì gbóná. Mo ya á, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo pò ó mọ́ kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti ẹyin. Ọmọ tọ́ ọ wò, ó bú sẹ́kún: "Òun gan-an nìyí!" Ó ti abọ́ sẹ́yìn. Látọjọ́ náà, kò fẹnu kan oúnjẹ mi mọ́.

Kò jọ ọ́, ẹjọ́. Ó jọ ọ́, ẹkún. Ó ti tojú sú mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n sè lọ́la?