Ta Ló Gbá Etí Odò?

Ilé Búrẹ́dì,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ẹni tí mo gbójú lé lẹ́yìn ìyá wa,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí ìwé mi títí, ẹ ó ti máa sọ pé ọmọ yìí ti gbàgbé ilé. N kò gbàgbé. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ó ti gbà kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ bíi ti tẹ́lẹ̀, àbí ẹ ṣì ń gbé e lé orí àpótí bí àlejò pàtàkì? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín? Mo gbọ́ pé ọwọ́ yín ló fi ń dán eyín náà wò. Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀. Ní tiwa, ara le, kò sí ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, ọkàn wa kò sí lójú kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wo bí ìwé yìí ṣe rí. Ìdúró ni mo wà tí mo ń kọ ọ́, lórí káńtà, ìyẹ̀fun sì wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá jókòó, màá tún dìde. Oníbàárà kan bi mí láàárọ̀ yìí bóyá nǹkan sọ nù lọ́wọ́ mi, mo ní rárá, ó ní kí ló wá dé tí mo ń ṣí dúrọ́ọ̀ tí mo sì ń tì í.

Ẹ ó ti gbọ́ lórí rédíò pé Alága Àgbà ti kú. Mo mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ rẹ̀, ojú yín máa ń le, n kò sì dá yín lẹ́bi. Ẹ ṣáà fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Wọ́n sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Alága tuntun dìde, ó ka ọ̀rọ̀ ìdágbére, àwọn tí kò fẹ́ràn olóògbé pàápàá ń nu ojú. Láti ọjọ́ náà ni ìwé ìròyìn ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde, tí rédíò ń tún un sọ, tí àwọn ènìyàn sì ń sọ pé Alága tuntun mọ ọ̀rọ̀ sọ. Kì í ṣe òun ló ni ín. Bàbá Lọ́yà, ọkọ mi, àna yín, ló kọ ọ́.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ní káńsù nìyẹn: òun ló ń kọ, ẹlòmíràn ló ń kà. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í yọjú, nítorí náà èmi nìkan ni mo mọ̀ nínú ilé. Bí ó ṣe kọ ọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ó ń rìn láti yàrá sí ilé ìdáná, láti ilé ìdáná sí ẹnu ọ̀nà, tíì rẹ̀ ń tutù, ó ń sunkún, ó sì ń fi ojú pamọ́ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ó fẹ́ràn ọkùnrin náà dénú. Ẹ mọ bí ó ṣe ń kólòlò. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ káńsù, gbogbo ọ̀gá tó bá pè é ló máa ń bá a parí gbólóhùn rẹ̀, wọ́n á sì máa wo aago. Alága Àgbà nìkan ni kì í bá a parí ẹ. Á gbé bírò sílẹ̀, á dúró títí ọ̀rọ̀ náà á fi jáde. Òun náà ló sọ fún un pé bí ẹnu bá ń lọ́ra, kí ó jẹ́ kí ọwọ́ máa sáré. Oore tó ṣe fún un kò pa ohun tó ṣe fún yín rẹ́. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Ibi tí wàhálà ti wọlé nìyí. Olùkọ́ èdè kan wà ní ilé-ìwé Lọ́yà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ. Ó gé ọ̀rọ̀ ìdágbére náà láti inú ìwé ìròyìn, ó pín in fún kíláàsì, ó ní kí oníkálukú tú u palẹ̀: kí wọ́n wá ọgbọ́n ìsọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí ọkàn ẹni tó ń gbọ́. Ẹ mọ Lọ́yà yín. Láti ìgbà tí ẹ ti fún un ní ìnagijẹ yẹn, kò tíì sí ọjọ́ kan tí a rí ìdí láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì ìjẹun, ó mú bírò pupa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà. Bàbá rẹ̀ jókòó ní ọ̀kánkán rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ń ka nǹkan mìíràn.

Ẹ̀ bá rí ojú rẹ̀, ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín. Lọ́yà ka ibi tí wọ́n ti ní, "Ó rí kòtò, ó dí i. Ó rí òkùnkùn, ó tan iná sí i. Ó rí omijé, ó nù ún." Ó ní gbólóhùn mẹ́ta tó bára dọ́gba nìyẹn, pé etí ti mọ ibi tí ìkẹta máa balẹ̀ sí kí ó tó balẹ̀, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń gbà á láìjanpata. Bàbá rẹ̀ ń mi orí. Ó ka "Ta ni yóò tún jí ṣáájú oòrùn nítorí tiwa?" Ó ní ìbéèrè pèsìjẹ ni, ẹni tó bi í kò fẹ́ ìdáhùn, torí bó bá fẹ́ ìdáhùn ni, gbogbo àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ni ìbá nawọ́ sókè. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ó dé ibi tí wọ́n ti pe olóògbé ní òpó tó gbé àjà ìlú ró. Ó ní àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni, ó sì dùn létí, ṣùgbọ́n òpó ti wó, àjà ṣì wà lókè. Àbí àwọn òpó mìíràn wà tí wọn kò dárúkọ? Ìgbà yẹn ni bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ yí ìdí padà lórí àga.

Gbólóhùn kan wà tí n kò kà sí nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Lọ́yà dúró lé e lórí. "Bí òjò bá ṣú, á dìde lẹ́yìn tábìlì, á lọ sójú fèrèsé, á béèrè bóyá àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe ti rí ibi sá sí." Ó ní èyí kò ní ọgbọ́n kankan nínú, kò wọ ẹ̀wù, ẹni tó kọ ọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i ni. Bàbá rẹ̀ kò mi orí mọ́. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ó wá kan etí odò. Ìlà kan péré ni wọ́n fi sọ ọ́, ní apá ìsàlẹ̀: "Nígbà tirẹ̀ ni etí odò mọ́ tónítóní, tí omi rí ọ̀nà gbà." Lọ́yà kà á, ó tún un kà. Ó ní àdàpè wà níbí. Ó ní jálẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó ṣe èyí, ó ṣe tọ̀hún ni: ó dí kòtò, ó tan iná, ó nu omijé. Ibí yìí nìkan ni kò ti sí ẹni tó ṣe nǹkan kan. Etí odò kàn ṣàdédé mọ́ ni. Ó gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, ta ló gbá etí odò? Kí ló sì gbá kúrò níbẹ̀?"

Bàbá rẹ̀ dìde, ó fi ọwọ́ júwe pé òun fẹ́ lọ wo ẹnu ọ̀nà. Kò sí nǹkan tó ṣe ẹnu ọ̀nà.

Ni Lọ́yà bá kọjú sí mi. Ọmọ kékeré ni nígbà náà. Ohun tí a sọ fún un ni pé ẹ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ yín kí ẹ lè sinmi. Mo ní àwọn ènìyàn ló ń gbé níbẹ̀. Ó ní àwọn wo? Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn." Mo wá tú gbogbo rẹ̀ fún un: ṣọ́ọ̀bù yín tó kọjú sí omi, àwọn páálí tí ẹ fi ń gé aṣọ tí ẹ fi kọ́ sára ògiri, katakata káńsù tó dé kí ẹ tó kó ẹrù tán, òjò tó pa ẹ̀rọ ìránṣọ yín títí ó fi dípẹtà. N kò sọ pé ẹ rí bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó dúró ti Alága Àgbà, fáìlì lábẹ́ abíyá. N kò sọ pé ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi tẹ ẹnu ọ̀nà wa mọ́. Mo rò ó pé ẹnu mi kọ́ ló yẹ kó ti gbọ́ ìyẹn.

Ohun tí ó kọ fún olùkọ́ rẹ̀, mo kà á. Ó ní ọgbọ́n tó ga jù nínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àfiwé, kì í sì í ṣe àwítúnwí. Bí wọ́n ṣe to nǹkan ni. Ó ní ẹni tó kọ ọ́ gbé fèrèsé àti òjò sí òkè, ó gbé etí odò sí ìsàlẹ̀, ó wá kó ìyìn rẹpẹtẹ sí àárín, kí gbólóhùn méjèèjì má bàa fojú kanra. Bí wọ́n bá fojú kanra, ẹni tó ń gbọ́ á béèrè pé ọkùnrin tó ń wá ibi tí òṣìṣẹ́ máa sá òjò sí, kí ló dé tí kò béèrè ibi tí àwọn ará etí odò sá sí? Ó ní òun kò rò pé òpùrọ́ ni ẹni tó kọ ọ́. Ó ní ẹni náà mọ ibi tó ń dun òun, ó sì ń rìn yí i ká ni.

Bàbá rẹ̀ kà á. Ó dá a padà fún un, ó ní kò sí àṣìkọ níbẹ̀.

Olùkọ́ èdè fẹ́ kí Lọ́yà kà á níwájú àwọn òbí lọ́jọ́ ìpàdé. Alága tuntun sì ń bọ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀gá ilé-ìwé ṣe gbọ́, ó ránṣẹ́ pè wá. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á. Káńsù ló ń bá a kan òrùlé ilé-ìwé, ìdajì rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ọmọ wa dára, kí a ṣáà bá a yọ ti etí odò kúrò. Ó ní ọmọdé kò lè mọ ohun tó wà nínú àgbàlagbà tó kọ ọ̀rọ̀, pé Lọ́yà ń ti ọ̀rọ̀ bọ ẹni ẹlẹ́ni lẹ́nu. Lọ́yà jókòó láàárín wa, ó ń bu ètè jẹ. Olùkọ́ rẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó di báàgì rẹ̀ mú gírígírí.

Bàbá Lọ́yà fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ há sí i lọ́nà ọ̀fun. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a parí ẹ, ó ní òun mọ̀ pé ohun tó fẹ́ sọ ni pé a gbà. Bàbá Lọ́yà gbé ọwọ́ sókè, ó dá a dúró. Gbogbo wa dúró. Mo ń gbọ́ òòlù àwọn tó ń kan òrùlé lókè orí wa. Ọ̀rọ̀ náà wá jáde.

"Èmi ni mo kọ ọ́. Ohun tí ọmọ mi ní ó wà níbẹ̀, ó wà níbẹ̀."

Mo rò pé Lọ́yà á yọ̀. Kò yọ̀. Ó wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án, ó ní, "Ẹ jókòó síwájú mi, ẹ ń wò mí." Nígbà tí a ń padà sílé, òun nìkan ló ń rìn níwájú.

Ọ̀gá yọ iṣẹ́ náà kúrò nínú ètò ọjọ́ ìpàdé. Olùkọ́ èdè kò bá a jà. Ó ní kí Lọ́yà kà á ní kíláàsì, ó sì kà á tán, láìyọ ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ kì í ní ẹsẹ̀ kó má rìn, ó dé káńsù. Wọn kò lé Bàbá Lọ́yà, wọ́n kàn gbé ọ̀rọ̀ tó kàn fún ẹlòmíràn kọ ni, ọkùnrin kan tí kò lè sọ ohun méjì láìfi "nítorí náà" há a láàárín. Bàbá Lọ́yà ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń jókòó ti tábìlì òfìfo, ó ń padà wálé. Nínú ilé, "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" ni Lọ́yà fi ń dá a lóhùn. Èmi wá dà bí ata láàárín ọlọ àti ọmọ ọlọ. Bí mo bá ń po ìyẹ̀fun, màá pò ó kọjá bó ṣe yẹ, búrẹ́dì á le koko, àwọn oníbàárà á máa wo ojú mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Bàbá Lọ́yà lọ bá ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń fọ aṣọ. Ó bi í pé bó bá jẹ́ Lọ́yà ló ń kọ ọ́, báwo ni ìbá ṣe kọ ìlà etí odò yẹn. Lọ́yà ronú, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "'Ó wó ilé àwọn ará etí odò, èmi náà sì wà níbẹ̀.' Ṣé ó gùn jù ni?" Bàbá rẹ̀ ní kò gùn. Ìgbà náà ló mọ̀ pé ọmọ náà ti fúnra rẹ̀ fi ọjọ́ orí rẹ̀ ṣírò pé òun ti wà ní káńsù nígbà tí wọ́n wó etí odò, pé kò sí ohun tó kù láti fi pamọ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó bá a fún aṣọ.

Ó wá sọ fún mi pé òun fẹ́ wá bá yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní kí ló dé tí kò kọ̀wé, ṣebí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó ní bí òun bá kọ ọ́, òun á tò ó dáadáa jù. Ẹnu ni òun fẹ́ fi sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, n kò bá a bẹ̀bẹ̀. Ilé yín ni wọ́n wó, ẹ̀yin lẹ mọ bí ọgbẹ́ náà ṣe jìn tó. Bí ẹ kò bá fẹ́ rí i, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, n kò ní bínú, òun náà kò sì ní bínú. Ṣùgbọ́n ti Lọ́yà kò sí lọ́wọ́ mi. Ó ti kó aṣọ sí báàgì, ó ní òun kò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí òun tó lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá òun. Ó ní kí ẹ ti máa rántí ẹni tó ń gbé lápá ọ̀tún yín ní etí odò, ẹni tó ń gbé lápá òsì, ẹni tó ń ta epo ní ìkángun, àti ibi tí oníkálukú wọn wà báyìí. Ó fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ, kí ẹ sì fi ẹnu ko ọmọ eléyín tuntun náà lẹ́nu fún mi. Ẹ kí ìyá tó ń gbé ní iyàrá kejì, tó máa ń bá yín ti okùn bọ abẹ́rẹ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ẹkún pàdé.

Àbúrò yín tó fẹ́ràn yín, tí ìdí rẹ̀ kò gbélẹ̀,
Ìyá Lọ́yà.