Lańlọ́ọ̀dù Tó Tún Ní Lańlọ́ọ̀dù

Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ẹsẹ̀ tí o fi ń wa máṣíìnì ìránṣọ kì í ro ọ́? Ara mi le, àfi orúnkún. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹni tó ń bá ọ rẹ́rìn-ín máa gbẹ́ kòtò dè ọ́. Ewúrẹ́ wa bímọ méjì. Ìwé ni mo kọ, mi ò pè ọ́, torí ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ta ló mọ iye ẹni tó ń gbọ́?

O ní lańlọ́ọ̀dù ní kí o kó jáde lóṣù tó ń bọ̀, pé òun náà gba ilé ọ̀hún lò fún ogún ọdún ni, ọdún ti pé, ẹni tó nilé fẹ́ gbà á. Mi ò gbà á gbọ́. Ẹni tó ń pàṣẹ ibi tí o máa sá aṣọ sí, òun náà wá di ayálégbé? Mo ní ó ti rí i pé oníbàárà ń wọ́ tọ̀ ọ́, ó fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ wá máa ránṣọ níbẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí lańlọ́ọ̀dù rẹ ti rán ọkùnrin kan wá bá mi, torí èmi lo fi ṣe onídùúró nínú fọ́ọ̀mù ilé. Ó ní kí n tẹ̀ka pé mo ti gba ìwé kó-jáde, kí n sì fi í ránṣẹ́ sí ọ. Mo fura, mo bá fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́, torí ohun tí a bá fọwọ́ òsì fún èèyàn, a ò tíì fún un. Ló bá ní òsì gan-an lòun ń wá, ó dúpẹ́, ó lọ. Látọjọ́ náà lọkàn mi ò ti balẹ̀. Mo ki ìwé ọ̀hún bọ abẹ́ àpótí aṣọ, kí ẹnikẹ́ni má kà á, kó má baà ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ dé, mo yọ ọ́ jáde, àná ni tíṣà àdúgbò wa kà á fún mi. Ó ní òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún ọ, èmi ni mo jókòó lé márùn-ún. Mo bi í bóyá òun àti lańlọ́ọ̀dù bára tan, ó ní rárá. Mo ṣì ń ṣọ́ tíṣà náà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, mo jẹ̀bi, ó sì dùn mí. Ìfura loògùn àgbà, mo wá lò ó ju bó ṣe yẹ lọ.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, má gba báǹkì, wọ́n máa ń béèrè ọ̀rọ̀ jù, awakọ̀ tó mọ̀ mí ni kí o kó o fún. Màá wá bá ọ wá yàrá, èmi ni màá máa kanlẹ̀kùn. Olúwa á fún ọ nílé tẹ́nikẹ́ni ò ní gbà padà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ lé ọ kí n tó dé, sọ fún wọn pé bí lańlọ́ọ̀dù bá ní ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ayálégbé náà ní tirẹ̀, ó ti wà lọ́nà.

Ìyá rẹ