Òjò Ni Mo Rò Pé Mo Gé Kúrò

Màmá Kétu, ìyá arúgbó kan tó gbé kásẹ́ẹ̀tì fídíò wá fún mi, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn inú rẹ̀ fún mi, kí ojú mi tó rí i rárá. Ẹ̀yin ará ojú ewé yìí, ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ọ, torí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo ju ohun tí èmi nìkan lè gbé lọ. Màmá ní lọ́dún tí wọ́n gé agbára owó sẹ́fà sí méjì, tí gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n gógó ní Libreville, olú ìlú Gabon, ilé iṣẹ́ tí ọkọ òun ti ń ṣe káfíńtà ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lọ sílé, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bàbá rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ní kí Màmá kó àwọn ọmọ márààrún padà sí Kétu, òun á dúró wá iṣẹ́, òun á sì wá kó wọn tó bá yá. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa wọ ọkọ̀ ojú omi, ó pe aládùúgbò kan tó ní kámẹ́rà, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní àdúgbò Venez-Voir, ó ń pe àwọn ọmọ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wúre fún wọn. Òjò ń rọ̀ sórí páànù. Wọn ò tún fojú kan ara wọn mọ́. Bàbá kú kí ọdún tó yí po.

Nínú àwọn ọmọ márùn-ún yẹn, mẹ́rin ni Màmá bí. Ìkarùn-ún, Rẹ̀mí, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gabon ló bí i fún Bàbá, ó gbé e sílẹ̀ fún Màmá nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ó bá tirẹ̀ lọ. Màmá tọ́ ọ bí ọmọ inú ara rẹ̀... ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹnu aráyé. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ sí i létí pé kì í ṣe ọmọ ilé yẹn. Ẹ sì wò ó o, òun náà ló padà wá sí Libreville, tó di nọ́ọ̀sì, tó mú Màmá wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní àdúgbò Nzeng-Ayong, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóògùn. Àwọn mẹ́rin yòókù, orí fóònù ni wọ́n ti ń kí ìyá wọn.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa da kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. N ò ní sọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà ní àdúgbò Rio, ní Libreville níbí, ẹni tó mọ̀ mí á ti mọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí Màmá gbé wá ti bu funfun, mo nù ún títí, mo dà á sínú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan. Bí mo ṣe ní kí n dá a padà sẹ́yìn báyìí, ó já, ó wé mọ́ orí ẹ̀rọ, ibi ìwúre gan-an ló fà ya. Mo ní kò sí wàhálà, ṣebí ó ti wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wò ó, ohùn ò bá ẹnu mu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ wọ́n jọ ń lọ, bó ṣe ń pẹ́ ni ohùn ń rẹ̀yìn, torí kọ̀ǹpútà mi ti gbó, ó ń fo àwòrán díẹ̀díẹ̀ láìfo ohùn. Nígbà tó fi máa dé ibi ìwúre, Bàbá á ti pa ẹnu dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

Kí ni mo ṣe? Mo ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò bá ti sọ̀rọ̀, mo gé ohùn díẹ̀ kúrò, kí ó lè bá àwòrán. Ibì kan wà lápá ìparí tí ẹni tó mú kámẹ́rà kọ ojú rẹ̀ sí àwọn tó ń ṣe àmín, òjò nìkan ni mo gbọ́ níbẹ̀, mo gé e. Ó tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. Ó bá ara mu rẹ́gí! Inú mi dùn. Mo pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́, torí kọ̀ǹpútà ti kún, iṣẹ́ ẹlòmíì ń dúró.

Wọ́n wò ó lọ́jọ́ ìrántí Bàbá, gbogbo ẹbí, àwọn tó wà ní Kétu náà ń wò ó lórí fóònù. Bàbá pe ẹni kìíní, ó pe ẹnì kejì, ó pe ẹnì kẹta, ó pe ẹnì kẹrin... fídíò parí. Rẹ̀mí, tó kéré nígbà yẹn tí kò rántí ohun tí Bàbá sọ, dìde, ó kó abọ́ tó wà nílẹ̀ lọ sí ilé ìdáná, ó fọ̀ wọ́n tán, ó gba ẹ̀yìn jáde. Láti ọjọ́ náà ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń sùn. Ó ń fi oògùn ránṣẹ́, kò wá.

Màmá wọ takisí wá bá mi pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Kò jókòó. Ó ní, “Ìwọ ọmọkùnrin yìí, níbo lo gbé Rẹ̀mí sí? Òun ni bàbá ẹ̀ pè kẹ́yìn. Ẹkún ló gbé ohùn ẹ̀ wálẹ̀, òjò sì ń pariwo.”

Mo pe Rẹ̀mí, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tonton, merci, ẹ ṣé. Màmá ló bẹ̀ yín kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀, àbí? Ẹ bá mi kí i.” Ó pa fóònù.

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ jù mí lọ wá sọ fún mi pé kò yẹ kí n gé nǹkan kan rárá, pé ṣe ni mo máa wọn gígùn ohùn, kí n wọn gígùn àwòrán, kí n sì fún gbogbo ohùn pọ̀ díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo ọ̀rọ̀ á pé síbẹ̀. Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀!

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Níbẹ̀rẹ̀ fídíò, Bàbá ké pè é pé, “Rẹ̀mí, ọmọ mi, gbé àga yẹn wá.” Mo ti mú “Rẹ̀mí, ọmọ mi” yẹn, mo ti tẹ́ ẹ sábẹ́ òjò níbi ìparí. Ó wọlé bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ẹni tó ń rán ọmọ níṣẹ́ ni, kì í ṣe ohùn ẹni tó ń wúre... ṣé Rẹ̀mí ò ní mọ̀? Àti pé ta ló sọ fún èmi gan-an pé Bàbá pè é? Màmá ti ń gbàgbé nǹkan. Èmi tí mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí etí méjèèjì, òjò ni mo gbọ́. Bí òjò náà bá wá jẹ́ òjò lóòótọ́ ńkọ́?

Ara Màmá ò yá mọ́. Ó ní kí n gbé fídíò tó pé wá lọ́jọ́ Sátidé, òun á ránṣẹ́ pe Rẹ̀mí. Kò sí èyí tó pé mọ́ láyé yìí. Èyí tí mo gé ló wà, àti èyí tí mo rán “Rẹ̀mí, ọmọ mi” mọ́. Ìwọ tí ò ń kà á yìí, ká ní ìwọ ni Rẹ̀mí, èwo ni wàá fẹ́ kí n gbé wá fún ọ?