Ike Àgúnmu Tó Kù Lọ́wọ́ Rẹ

                                        Ojúlé Kẹta sí Ilé Àdúrà,
                                        Omífúnfún,
                                        Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Sàídù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Irọ́ ni ohun tí o gbọ́. Ọlọ́pàá kankan kò mú Ìyá Títílọpẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Èmi kọ́ ni mo sì ti ìsọ̀ àgúnmu wọn pa. Àwọn fúnra wọn ló tì í.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Nàfísàt ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé Ìlọrin gbà yín? Ìyá ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn, òun ló mú mi kọ̀wé. Fóònù rẹ kò wọlé, ni mo ṣe fi lẹ́tà yìí rán Hàbíb awakọ̀.

O mọ̀ pé bàbá mi kú lóṣù tó kọjá. Kíndìnrín ló pa wọ́n. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi lo àgúnmu ẹ̀yìn ríro tí ẹ̀gbọ́n wọn ń tà, tí ẹsẹ̀ ń wú, tí ojú ń kún. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń dúpẹ́ pé wọ́n ń sanra. Èmi náà dúpẹ́, èmi tí mo fi yíyẹ oògùn wò ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bu díẹ̀ nínú èyí tó ṣẹ́kù, mo gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò wa l'Ékòó. Ọ̀gá mi, Arábìnrin Ọlọ́runbùnmi, ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lè rí ohun tó ń wá. Mo jiyàn títí, o mọ̀ mí láti kékeré. Wọ́n fún àgúnmu náà ní nọ́ńbà dípò orúkọ, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn. Ẹ̀rọ wa máa ń fọ́ oògùn sí wẹ́wẹ́, á sì wọn èérún kọ̀ọ̀kan. Bí oògùn kọ̀ọ̀kan ṣe ń fọ́ yàtọ̀, bí ipasẹ̀ ẹranko lórí ẹrẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe é. Ipasẹ̀ oògùn òyìnbó méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ń pa ìrora, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́, èkejì ń mú ara wú.

Mo sọ ọ́ ní ìpàdé ẹbí láì yí i ká. Bàbá Ọláyídé, olórí ẹbí wa, ní ìwé ti yí mi lórí, pé mo ń wá ẹni tí n ó di òkú bàbá mi rù. Ìyá Títílọpẹ́ kò bínú. Wọ́n ní, “Tóbi, ṣé oògùn òyìnbó kì í ṣe oògùn ni?”

Wọ́n ní àwọn àgbẹ̀ ń ráhùn pé àgúnmu àwọn kò tètè ṣiṣẹ́ mọ́, ni àwọn bá ń ra hóró oògùn òyìnbó ní gáréèjì Ore, tí àwọn ń gún un mọ́ ọn.

“Ti bàbá rẹ ni mo máa ń jẹ́ kó pọ̀ jù,” ni wọ́n wí. “Àbúrò mi ni.”

Wọ́n bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Hàbíb ní o ń bèèrè àwọn tó dúró tì mí. Ọ̀gá mi ni ọ̀kan. Títílọpẹ́, ọmọ wọn, ni èkejì. Mo dé orí ẹ̀kẹta, mo dá kíkà dúró, nítorí ìyá rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì ìpàdé, Ìyá Títílọpẹ́ gun ẹ̀yìn ọ̀kadà mi, a ń lọ láti ilé dé ilé ní Odígbó. Wọn kì í kọ orúkọ oníbàárà sílẹ̀. Orí ni wọ́n fi mọ gbogbo wọn, àti ibi tó ń dun kálukú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: “Ẹ dá àgúnmu mi padà. Òun ló pa àbúrò mi.” Àwọn kan bú wọn. Ẹnìkan da omi sí wọn lẹ́sẹ̀.

Lánàá wọ́n ní ó ku ike kan ṣoṣo: “Ti Sàídù, tó gbà fún ìyá ìyàwó rẹ̀ nígbà Iléyá. Mo fi èènì sí i, torí ọ̀rẹ́ rẹ ni.”

Jọ̀wọ́, bí Màmá bá ṣì ń lò ó, kí wọ́n má ṣe dá a dúró lójijì, ewu ni, torí oògùn tó ń mú ara wú yẹn máa ń mọ́ ara lára. Gbé àwọn àti ike náà lọ sí ọsibítù lónìí. Sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà. Lẹ́yìn náà, kó èyí tó bá kù fún Hàbíb.

Bá mi kí Nàfísàt àti àwọn ọmọ. Ìyá Títílọpẹ́ kí ọ. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń ka ọjọ́ tí Hàbíb yóò dé.

                                        Èmi ni tìrẹ, olórí kunkun rẹ,
                                        Ọlọ́runtóbi.